Káàdì Tí Kò Ní Déètì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá ti gbé ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan, take, fún mi. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Ó kàn wọlé, ó gbé dúrọ́ọ̀ irin mẹ́ta kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ní Bàbá Àgbà tó ń ṣe ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ojú wọn ò ríran mọ́, èmi ló kù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá wọn ṣe ìwé atúmọ̀-èdè yìí, ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa ń já fún mi: tailor, tadpole, tank. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni tadpole gbà lọ́wọ́ mi. Ìwé ti fẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti parí, wọ́n wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo mọ iṣẹ́.

Gbèdéke ni ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí gbogbo ìtumọ̀ tó ní ìràwọ̀, àwọn tó pọn dandan kó wà nínú ìwé, ò bá tíì kọjá lọ́dọ̀ olùyẹ̀wò nígbà yẹn, wọ́n á gbé ìdajì òpó àlàyé take tó wà nínú ìwé àtijọ́ síbẹ̀, wọ́n á sì yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ṣe ìwé. Ọ̀gá sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Obìnrin yẹn lè máa rẹ́rìn-ín sí ọ kó máa fi ẹsẹ̀ tẹ ọmọ ìka rẹ.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́. Káàdì tó lé ní ẹgbẹ̀rún, eruku wọ̀ mí nímú, mo sín títí di ìgbà tí a pa ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka òfin sí mi létí bíi pé àná ni mo wọṣẹ́. Pé ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹnu, ó kéré tán ẹyọ kan: gbólóhùn Yorùbá tí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láìmọ̀ pé a ń ṣọ́ òun, irú ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, àti déètì. Pé n kò gbọdọ̀ ṣa káàdì fún ọ̀rọ̀ tèmi fúnra mi, torí ohun tó bá wù mí ni etí mi á gbọ́. Mo ní mo ti gbọ́, Mà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yìí. Kò ní iṣẹ́ kan pàtó, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló ń ṣe kiri. Òyìnbó fẹ́ lo oògùn, take ni. Ó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, take ni. Ó fẹ́ ya fọ́tò, ó fẹ́ jókòó, ó fẹ́ wẹ̀, ó fẹ́ ṣe ìdánwò, take náà ni. Olè jí àpamọ́wọ́, òun ni. Ìrìn-àjò gba wákàtí méjì, òun ni. Tó bá sì fẹ́ bọ́ bàtà, tàbí tí ọmọ bá jọ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò tún fà jáde, á so ìrù kékeré kan, off tàbí after, mọ́ ọn nídìí, ó ti parí. Àwa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí a kì í ṣe ọ̀lẹ.

Mo ka ìtumọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ní ìràwọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo fi ìtumọ̀ mẹ́wàá ránṣẹ́ sí yàrá kejì láàárọ̀. Mẹ́fà ti padà dé kí tíì mi tó tutù. Lára gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bírò pupa: Déètì dà?

Ọ̀gbẹ́ni Déètì ni olùyẹ̀wò wa. Òun náà ni ọkọ mi àtijọ́, òun sì ni bàbá ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti jáde nílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà a ò tíì bára wa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ògiri kan péré ló wà láàárín yàrá kejì tirẹ̀ àti yàrá kẹta tèmi. Káàdì la fi ń jà. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti orí àga mi, mo sì mọ èyí tó jẹ́ ikọ́ gidi nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀gàn.

Ó mọ ibi tí déètì wọlẹ̀ sí. Èmi ni mo gé wọn. Nígbà tí dúrọ́ọ̀ irin dé lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó kúrú fún káàdì ní ìwọ̀n ìka kan, Ọ̀gá wá ní kí n gé ìsàlẹ̀ káàdì kí wọ́n lè wọ inú rẹ̀. Mo gé ẹgbàajì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orin ló wà lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó rántí pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣa káàdì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ déètì sí. Àwọn tó gbà pé àwọn mọ ètò ju gbogbo ayé lọ ni. Òun alára wà lára wọn. Láti ìgbà yẹn ló ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, lójoojúmọ́, pẹ̀lú yíǹkì ìjọba.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti tú gbogbo dúrọ́ọ̀. Ìtumọ̀ méjìlélógún tó ní ìràwọ̀ ti ní káàdì tó pé. Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù: mẹ́jọ ní káàdì tí mo gé nídìí nìkan, n kò tíì rí káàdì ìkẹsàn-án. Àwọn tó ń ṣa káàdì fún wa níta ní àwọn ò lè rí tuntun fi ránṣẹ́ kó tó di oṣù kejìlá.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, òfin fúnra rẹ̀ ló là á. Kí n wá ẹni tó sọ gbólóhùn náà rí, kí n mú un wá síwájú olùyẹ̀wò, kí ẹlẹ́rìí kan jókòó tì wọ́n. Olùyẹ̀wò á ka káàdì sókè, ẹni náà á ní òun lòún sọ ọ́, á sì dárúkọ ọjọ́ tó sọ ọ́. Mo lọ bá Ọ̀gá. Ó ní tí mo bá lágbára ìrìn, kí n máa rìn.

Òjò rọ̀ bí ẹni da omi, àjà ọ́fíìsì ò sì jò. Ohun rere kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Káàdì: Iṣẹ́ yìí á gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Kápẹ́ńtà, ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo bá a níbẹ̀. Ó ka káàdì, ojú rẹ̀ le. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, pé òun kì í dá ọjọ́ mẹ́ta fún oníbàárà, ọjọ́ méjì lòun máa ń dá. Obìnrin kan tó jókòó sórí àpótí níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àga òun rèé, ọjọ́ méjì yẹn ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìgbà tí mo ní kí ó bá mi kan àpótí ìtìsẹ̀ kan ni iyè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó rántí pé lóòótọ́, ọjọ́ tí àkàsọ̀ dá òun lápá ni òun sọ ọ́, torí apá kan ṣoṣo ló kù tí òun lè fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ náà ò lè kúrò lórí òun láé.

Ìyá Táípù, tó ń bá wa tẹ ìwé, ló ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀gbẹ́ni Déètì ka káàdì, kápẹ́ńtà dáhùn, ó dárúkọ ọjọ́, ó tún ká apá aṣọ sókè láti fi àpá hàn án. Ó kọjá. Mo dúró ní kọ́rídọ̀, n kò wọlé. Ó ku mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Nọ́ọ̀sì lónìí. Ẹ máa lo oògùn yìí lẹ́yìn oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì àgbà, ilé ìwòsàn. Ó fi wákàtí ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sú u.

Ọ̀gbẹ́ni Déètì bi í pé ọjọ́ wo. Nọ́ọ̀sì ní ojoojúmọ́ ni òun ń sọ ọ́, nígbà àádọ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Déètì ní ojoojúmọ́ kì í ṣe déètì. Mo ń gbọ́ wọn láti kọ́rídọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ó gbé ojú sókè kí òun wò ó dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni mo sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin lẹ ń kọ nǹkan nígbà tí mo ń gún yín lábẹ́rẹ́." Ó ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbàwòsàn, déètì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó wá wò ó tó bá fẹ́.

Ìyá Táípù rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jáde. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú ẹni tó ń ṣa káàdì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nídìí. Mo bá a gbélé. Nínú ilé yẹn, tí mo bá ní gáàsì ti tán, á ní kí n tún un sọ, kí n má yí i padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọmọ mi wá. Ó gbé ọsàn wá, ó sì gbé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú. Orúnkún ń dun bàbá rẹ̀, àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ti ń pọ̀ jù fún un. Mo ní kí ó jókòó sílé nígbà náà, a ò ní sunkún. Ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Mo bá a bó ọsàn.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ ló tún sọ ọ́, ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti gbọ́n: "Mọ́mì, Dádì ní ká ní ẹ dúró díẹ̀ sí i lọ́jọ́ tí ẹ jáde yẹn, àwọn ì bá sọ̀rọ̀." Mo ní mo dúró tó. Ó mú báàgì rẹ̀.

Bó ṣe lọ tán, mo ń fọ abọ́, ó wá ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ni mo ṣe dúró pẹ́ tó? Ìṣẹ́jú kan? Méjì? N kò purọ́ fún ìwé ìrántí mi yìí rí, n kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. N kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí n ti yára jù. Mo kórìíra pé mo kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi wú nìyí. Mo rí ayàwòrán tó ya fọ́tò ìgbéyàwó, mo rí tíṣà tó ń pariwo lé àwọn tó ń ṣe ìdánwò, mo rí agẹrun tó ní kí oníbàárà jókòó. Gbogbo wọn kọjá. Awakọ̀ tó sọ pé Ẹ wọkọ̀, a ti ń lọ ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì mí, ó ka káàdì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó ní ṣé òun lè mú un. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fún un. Mo dà á kọ sínú bébà mìíràn fún un, mo sì kúrò níbẹ̀ kí n tó sọ ohun tí kò kàn mí.

Òkú ò lè jẹ́rìí, nítorí náà ìtumọ̀ yẹn fẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i pé káàdì kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òmíràn. Tíì ló so wọ́n pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tíì Bàbá Àgbà. Mo fi ooru omi gbígbóná ya wọ́n. Obìnrin kan ló sọ pé òun á wọ bọ́ọ̀sì tó kàn, déètì sì wà lókè, ó mọ́ kedere. Mo fi ránṣẹ́. Ó padà wá pẹ̀lú ìbuwọ́lù olùyẹ̀wò, kò sí ìbéèrè kankan. Mo mọ̀ pé ó dùn ún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Búrẹ́dì tún ti wọ́n sí i, ó sì tún kéré sí i. Ooru mú.

Méjì tún kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti di mẹ́jọ. Ó ku ẹyọ kan, fífara da nǹkan. Ẹni tí ìyà ti jẹ tó á ní òun ò lè gbà á mọ́, Òyìnbó á ní òun ò lè take rẹ̀. Ìràwọ̀ wà lára rẹ̀. Bàbá Àgbà kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé káàdì wà nínú dúrọ́ọ̀ kẹta. Kò sí níbẹ̀. Mo tú dúrọ́ọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi dúdú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo rí i. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kìíní, láàárín ẹni tó ń bọ́ bàtà àti ẹni tó ń ṣí fìlà. Ẹni tó tò ó síbẹ̀ ò gbọdọ̀ tún sún mọ́ káàdì mọ́ láyé.

Káàdì tó ti pọ́n. Mo ti gé e nídìí. Mi ò lè fara dà á mọ́. Lábẹ́ rẹ̀: Obìnrin, ọdún mẹ́rìnlélógójì, nílé, láàárọ̀.

Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Mo sì mọ obìnrin náà.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú báàgì mi. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń jẹun. Òjò ń rọ̀. Gbólóhùn méjì ni mo sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró, mo sì dúró. Ó fa káàdì kan yọ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó wá pẹ́ẹ̀nì kiri orí tábìlì, ó rí i lábẹ́ ìwé ìròyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo ní bóyá èmi ló ń kọ ọ́ sí, pé ohun tí kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ ló fẹ́ fi ìwé sọ. Ó kọ ọ́ tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì kí ó lè gbẹ, ó fi káàdì padà sínú àpò, ó sì mú ṣíbí rẹ̀. Mo bá jáde.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ro ohun tó kọ. Mo ti rò ó pé ẹ̀bẹ̀ ni. Mo ti rò ó pé èébú ni, mo tilẹ̀ ti ronú èsì tí màá fún un. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo ń lọ, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́.

Ó tún wá kọ ọ́ ní ìdajì. Gbólóhùn kejì ò bá ìtumọ̀ kankan mu, nítorí náà kò kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

N kò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo bẹ Ọ̀gá pé kí a yọ ìràwọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ yẹn. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, pé ṣé inú ilé ẹ̀rín nìkan ni mo ń gbé ni, gbogbo ayé ló ń fara da nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lo gbólóhùn inú ìwé ìròyìn. Ó ní káàdì ẹnu ni, tàbí kí n gbàgbé ẹ̀.

Ìyá Táípù ti rí káàdì náà lórí tábìlì mi, ó sì ti dá ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Déètì mọ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó kàn ń ṣe bíi pé kò rí nǹkan kó lè rí iṣẹ́ ṣe ni. Mo sọ ìyókù fún un. Mo ní n kò ní gbé ìtìjú mi síwájú ọkùnrin yẹn kó wá fi bírò pupa sí i. Ó tẹ ìlà méjì sí i kí ó tó dáhùn.

"Ìtìjú ta ni?" ló wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?"

Ó padà sí títẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fi káàdì náà sáàárín àwọn mìíràn, mo jù ú sínú àtẹ tó ń lọ sí yàrá kejì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa dá a mọ̀.

Agogo mọ́kànlá ló padà dé. Bírò pupa, lórí ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ tí mo fi jáde kúrò nínú ayé rẹ̀: Déètì dà?

Mo gbé káàdì náà dání títí oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá, n kò jẹ nǹkan kan. Tó bá dá a mọ̀ tó sì kọ ọ́, ìkà ni. Tí kò bá dá a mọ̀, n kò mọ ohun tí à ń pe ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo mú káàdì àríyànjiyàn, èyí aláwọ̀ osùn tí a fi ń ta ko olùyẹ̀wò, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò fa nǹkan kan rẹ́: Ẹni tó sọ gbólóhùn yìí wà láàyè. Ó wà ní yàrá kẹta. Káàdì ò sì pé, ìdajì ni.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

N kò gbọ́ ikọ́ kankan láti ìgbà náà títí a fi pa ọ́fíìsì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àná kò sí èsì. Lónìí di agogo mẹ́ta, kò sí. Ọ̀gá kọjá ní ìgbà mẹ́rin, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí n lè rí i pé ó ń wò ó. Ó ti ní kí Ìyá Táípù gbé ìwé àtijọ́ jáde, kí ó tẹ ìdajì òpó yẹn kó wà nílẹ̀. Ìyá Táípù ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀, bébà kan yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn mi: Agogo méjì ọ̀la. Kí ẹni náà mú ẹlẹ́rìí dání.

Ẹni náà. Ó dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo wọ aṣọ búlúù. N kò ní sọ ìdí.

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi àti Ìyá Táípù wọ yàrá kejì. N kò wọ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Ó ti darúgbó ju bí ikọ́ rẹ̀ ṣe ń dún lọ. Ó na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí ìtìsẹ̀, mo wò ó dáadáa, àpótí tí kápẹ́ńtà kàn fún mi ni. Ọmọ mi ló máa gbé e fún un. Màá bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀.

Ó sọ pé kí ẹlẹ́rìí jókòó. Kò sọ pé kí èmi jókòó, torí òfin kò sọ bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ á jókòó tàbí á dúró. Mo dúró. Ó gbé káàdì súnmọ́ ojú, ó kà á sókè. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó wá bi mí, ìwọ ló máa ń pè mí nílé, ẹ̀yin ló pè mí lónìí: "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ gbólóhùn yìí?"

Mo ní èmi ni, ṣùgbọ́n ó ku ìdajì.

Ó mú káàdì tuntun. Ó wá pẹ́ẹ̀nì kiri, Ìyá Táípù na tirẹ̀ sí i. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kí n má yí i padà. Mo ti rò pé inú á bí mi, tàbí kí omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo sọ ọ́ bíi pé àárọ̀ yẹn náà ni.

"Mi ò lè fara dà á mọ́. Ẹ bi mí léèrè ìdí rẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ lórí gbólóhùn kejì, ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bíi pé lẹ́tà rẹ̀ ṣòro. Òfin ní kí olùyẹ̀wò ka káàdì fún ẹni tó sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó kà á. Nígbà tó dé ibi tí mo ti ní kí ó bi mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó gbé orí sókè, ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá.

Mo dúró. Aago ara ògiri ń dún. Níta, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá, táyà rẹ̀ ń ké, ó kọjá tán pátápátá, n kò gbọ́ ọ mọ́, mo ṣì dúró. Ìyá Táípù ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i tí ètè ọkùnrin náà là, tó pa dé, tó tún là. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Déètì ńkọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ń rọ̀. Ó kọ déètì náà, òkè ló kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Kò kọ òjò. Ó fọwọ́ sí i, Ìyá Táípù fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.

Agogo mẹ́ta ku díẹ̀ ni take kọjá, ìtumọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta, orúkọ mi wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní òun mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mo ní ẹ ṣé, Mà.

Ọmọ mi á pè lọ́jọ́ Àìkú. Á tún sọ pé ká ní mo dúró díẹ̀ sí i. Màá sọ fún un pé mo ti padà lọ, mo sì dúró.